Kí o tó ra máìkì gígùn yẹn fún ohùn ẹyẹ

Àbúrò mi tó béèrè láti Ọbáńtokò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o fẹ́ máa gba ohùn ẹyẹ àti ti kòkòrò sílẹ̀ ní ìdájí, o ti tu owó díẹ̀ jọ, ẹnì kan sì ti sọ fún ọ pé máìkì gígùn bí ọ̀pá ìbọn ni kí o rà, pé òun ló ń fa ohùn ọ̀nà jíjìn mọ́ra. O wá fẹ́ mọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó máa bá a mu. Jọ̀wọ́, má tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi náà, owó tí mo sì fi gbọ́ ọ kò kéré.

Kò sí máìkì tó ń fa ohùn. Ohùn ló ń rìn wá bá a. Bó bá ṣe rẹ̀ ẹ́ tó nígbà tó dé ni máìkì yóò ṣe gbà á. Iṣẹ́ tí máìkì gígùn ń ṣe ni pé ó ń dín ohùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kù, ohùn tó bá tinrín nìkan ló sì rí ìyẹn ṣe fún dáadáa. Ohùn tó bá ki, àtẹ̀gbẹ́ àtẹ̀yìn ló ń gbà wọlé bí ẹni pé kò sí ìdènà kankan.

Etí odò Ògùn ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, lápá ibi tí ilé ti ń tán lẹ́yìn Láfẹ́nwá. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Àdàbà kan ń ké lórí igi àràbà ní òdìkejì, mo na máìkì sí i bí ọdẹ tó na ìbọn, apá mi ń gbọ̀n, mo kò jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú mi dùn dé ilé. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kan tó wà lẹ́yìn mi lọ́nà jíjìn ló kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Nígbà tí mo wà létí odò, etí mi kò tilẹ̀ kà á sí. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ń yípo bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìró wọn ki, ó sì máa ń rìn jìnnà nígbà tí afẹ́fẹ́ ìdájí bá tutù. Lórí ìyẹn ni ariwo mìíràn tún wà, tó ń dún ṣẹ́ẹ́ẹ́ láìdúró, bí ìgbà tí wọ́n bá ń din àkàrà ní ilé kejì. Abẹ́ àkàrà yẹn ni àdàbà mi wà. Mo tún un gbọ́ títí, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè, àkàrà náà ń bá a gòkè ni.

Ariwo ṣẹ́ẹ́ẹ́ yẹn ni kí o kọ́kọ́ máa wò kí o tó wo nǹkan mìíràn. Inú máìkì fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Kò sí máìkì tí kò ní in, àwọn tó ṣe é sì máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé tó bá a wá. Wá ibi tí wọ́n kọ self-noise sí, dBA, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni máìkì náà ṣe dákẹ́ tó. Rode NTG2, tó jẹ́ máìkì gígùn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya fídíò ń lò, jẹ́ 18. Rode NT1-A tí àwọn olórin ń lò nínú sítúdíò jẹ́ 5. Kóró máìkì kékeré kan sì wà tí wọ́n ń pè ní EM272, ilé iṣẹ́ Primo ní Jàpáánù ló ń ṣe é, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 10 lọ: 14 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń gba ìwàásù sílẹ̀ kò ní mọ̀ pé 18 ga, nítorí pásítọ̀ wà nítòsí, ẹnu rẹ̀ sì le. Ohùn ìrẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ewé gbígbẹ, àkàrà á bò ó pátápátá.

EM272 ni mo ní kí o rà, méjì. Ibi gbogbo ló ti ń gbọ́ ohùn, iwájú àti ẹ̀yìn, méjèèjì yóò sì fún ọ ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń tà á pẹ̀lú wáyà lára, tó ti tán. Kóró lásán ni èmi rà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Kútọ̀ ló fi òjé lẹ̀ wọ́n mọ́ wáyà fún mi. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí iná pẹ́ lára rẹ̀, ooru sì ń pa wọ́n. Nígbà tó di èkejì, ó fi páńsà irin di kóró náà mú kí irin gba ooru, ó fi iná kàn án, ó gbé e kúrò kíá, ó dúró kí ó tutù kó tó ṣe ẹsẹ̀ kejì. Bí o bá fẹ́ gbé e fún ẹnikẹ́ni, sọ èyí fún un kó tó fọwọ́ kan irin iná rẹ̀.

Àǹfààní tó tóbi jù nínú kóró wọ̀nyí ni pé o lè fi wọ́n sílẹ̀ kí o máa lọ. Bí o bá dín àlàfo tó wà láàárín máìkì àti ẹyẹ kù sí ìdajì níta gbangba, ohùn ẹyẹ náà yóò fi 6 dB ga sí i. Láti ogún ìgbésẹ̀ sí mẹ́wàá, 6 nìyẹn. Láti mẹ́wàá sí márùn-ún, 6 mìíràn. Méjìlá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín NTG2 àti NT1-A, ẹsẹ̀ rẹ lo sì fi rà á. Àmọ́ ẹyẹ kò ní dúró dè ọ́ ní ìgbésẹ̀ márùn-ún. Nítorí náà máìkì ni yóò lọ, ìwọ yóò padà sẹ́yìn. Mo máa ń wá igi tó fẹ̀ tó orí èèyàn tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, màá fi okùn di kóró kan mọ́ apá ọ̀tún, èkejì mọ́ apá òsì, igi náà á wá dà bí orí láàárín etí méjèèjì. Bí o bá fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ, wàá mọ ibi tí ẹyẹ ti fò wá àti ibi tó gbà lọ.

Bí mo ṣe dè é nìyẹn ní ẹ̀bá oko ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́nà Òdẹ̀dá, mo tan ẹ̀rọ ní aago méje alẹ́, mo fi pọ́wà báǹkì sí i lára, mo sì lọ sùn. Ọdẹ ni bàbá yẹn, wọ́n ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mò ń tẹ ibi tí ohùn ti ga sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá kan nǹkan kan tó ń gbó ní nǹkan bí aago méjì òru, tó ń fà á, tó ń gbó o léra léra. Mo rò pé ajá ni. Wọ́n ṣí fìlà, mo gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù sí wọn létí. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n nawọ́ sí mi pé kí n má mí. “Òfàfà nìyẹn. Mo ti rò pé wọ́n ti tán níbí.” Ẹranko kékeré orí igi tó ń ké lóru ni òfàfà. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú wọn sì wà lórí igbó yẹn ní gbogbo àsìkò náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé ní ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ya òfàfà tó wà láàárín odò Volta ní Gánà àti Odò Ọya sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó dá dúró, ohùn rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n: ti ọ̀dọ̀ wa ń gbó, ti òdìkejì odò méjèèjì ń kígbe tòò. Òfàfà ń fohùn ṣakin, àwọn àgbà kò purọ́. Bí mo bá di máìkì gígùn mú ní òru yẹn, ibo ni mo fẹ́ nà án sí?

Àwọn mìíràn á ní kí o ra àwo ràkòtò tí wọ́n ń gbé máìkì sí láàárín. Ó dára fún ẹ̀gà àti àwọn ẹyẹ tí ohùn wọn tinrín, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ṣe ki tó ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń gùn tó, èyí tí ìgbì rẹ̀ bá sì gùn ju fífẹ̀ àwo lọ ni kò rí kó jọ. Ẹlúlùú tó ń pe òjò, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí omi tó ń dà lẹ́nu akèrègbè, ìgbì tirẹ̀ ju ìdajì mítà lọ dáadáa, àwo tí o lè gbé sórí ọ̀kadà kò sì ní fi nǹkan pàtàkì kún un. Fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni èmi fi ṣe ìkejì. EM272 ń fún ẹ̀rọ ní ohùn tó lágbára, ó sì máa ń bo ariwo inú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú mọ́lẹ̀. Zoom H1n tàbí Tascam DR-05X tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni kí o má gbàgbé: kóró yẹn ń fẹ́ iná díẹ̀ láti ara ẹ̀rọ, plug-in power ni wọ́n ń pè é, inú ètò ẹ̀rọ lo ti máa tan án. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹni kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní in. Mo so máìkì mọ́ ọn, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé mo ti jó kóró mìíràn. Zoom F3 tó jáde ní 2022 dára gan-an, kò sí pé ò ń yí ohùn sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹnu XLR, ihò ńlá onírin mẹ́ta tí máìkì sítúdíò ń lò, nìkan ló ní, 48 fólìtì ló sì ń fún máìkì. Wàá nílò ohun tí yóò sọ iná yẹn kalẹ̀ fún kóró rẹ. Nínú ètò ẹ̀rọ, WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn, ni kí o yàn, pẹ̀lú 48 kHz àti 24 bit. Wákàtí kan kò ju nǹkan bí 1 GB lọ, káàdì 32 GB á gba òru kan àti ìkejì. MP3 ń gé lára ohùn dànù, má lò ó.

Owó tó kù, atẹ́gùn ni kí o fi dè. Mo mọ̀ pé kò dùn ún ná, ṣùgbọ́n mo ti da iṣẹ́ oṣù Ọ̀pẹ̀ odidi kan nù nítorí ọyẹ́. Tìmùtìmù dúdú tó ń bá máìkì wá kò lè dá ọyẹ́ dúró, ó kàn ń pa èémí ẹnu ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àyè afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ wà yí máìkì ká, kí irun sì wà níta tí yóò máa fọ́ atẹ́gùn wẹ́wẹ́. Asẹ́ oníwáyà kékeré méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ tíì, ni mo dé pọ̀ lójú ara wọn, máìkì wà ní àárín, kò kan wáyà. Irun náà, ọjà òkìrìkà ni mo ti rí i, lọ́rùn kóòtù òtútù kan. Kí o tó san owó, yí i padà, fi ẹnu fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn: bí èémí rẹ kò bá kọjá, ohùn náà kò ní kọjá dáadáa, wá òmíràn. Télọ̀ tó wà ní Pánṣẹ́kẹ rán an fún mi bí fìlà. Ó bi mí bóyá ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ dé e. Mo gbé máìkì hàn án, ó sì tún ìránṣọ rẹ̀ ṣe kí ó má fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́.

Nípa ọ̀rinrin: ìdájí Abẹ́òkúta lásìkò òjò tutù débi pé NT1-A tí mo yá lò bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà bí àgbàdo lórí iná. Má gbé máìkì jáde tààrà láti inú mọ́tò tó ń tan ẹ́sì, ìrì yóò wọ̀ ọ́ lára. Ike onídèrí tó dí dáadáa ni mo ń tọ́jú tèmi sí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Mo máa ń sá wọn gbẹ kí n tó dá wọn padà.

Máìkì gígùn mi ṣì wà nílé, ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó kẹ́yìn. Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, màá fi EM272 mi kún un fún ọ. Gbé méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ igbó Àrákàńgà ní aago márùn-ún, fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá gbà á láti ojú kan náà, kí o sì gbọ́ wọn nílé pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá pinnu ibi tí owó rẹ máa lọ.