prec kì í ka kọ́bọ̀

Ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ní ẹ kọ getcontext().prec = 2 sínú Python kí owó lè máa jáde pẹ̀lú kọ́bọ̀, tí VAT wá ń jáde ní 94 gééré: ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe ló ṣe yẹn o. prec, ìyẹn iye díjíìtì tí decimal (irinṣẹ́ ìṣirò inú Python) máa ń fi sílẹ̀ nínú èsì, kì í wo ẹ̀yìn póíǹtì. Gbogbo díjíìtì inú nọ́ńbà ló ń kà láti apá òsì, odo iwájú nìkan ni kì í kà. 7.5% lórí ₦1,250.20 jẹ́ 93.765, díjíìtì méjì péré lẹ fún un láyè, ó bá di 94. Ẹ tún fi kún owó ọjà, ẹ ó rí 1.3E+3, ìyẹn 1,300. Ẹ wá tẹ ìyẹn sórí rìsíìtì fún oníbàárà!

Mo bá ẹ̀gbọ́n ìṣòro yìí pàdé nínú ètò ìwé owó kan tí wọ́n ní kí n tún ṣe ní Dei-Dei, l'Abuja níbí, fún bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta páànù. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi prec sí 6. Ọjà kéékèèké ń lọ geere, ta ni yóò fura? Àfi ìgbà tí ẹnì kan ra páànù ilé ńlá: àpapọ̀ owó rẹ̀, 2,345,678.50, di 2.34568E+6, ìyẹn 2,345,680. Náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ péré ló fi lé, ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìwé bàbá ò bá ti báńkì mu mọ́, bàbá ò sì gbà kí n kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi prec sílẹ̀ sí 28 tó bá a wá. Ẹ ṣe ìṣirò tán ná, kẹ́ ẹ tó fi quantize(Decimal('0.01')) gé e sí kọ́bọ̀. Ẹ sì yan rounding, ìyẹn ibi tí ìdajì kọ́bọ̀ máa lọ, fúnra yín: ROUND_HALF_EVEN, tó ń gbé ìdajì lọ sí díjíìtì tó ṣeé pín sí méjì, ni Python ń lò tẹ́ ò bá sọ nǹkan kan, 93.76 ló máa fún yín. Àwọn oníṣòwò tèmi, 93.77 ni wọ́n ń retí, ROUND_HALF_UP nìyẹn, tó ń gbé ìdajì lọ sókè.

Decimal(0.1) láìsí àmì ' ' ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ó rí 0.1000000000000000055511 àti ìrù gígùn lẹ́yìn rẹ̀, torí Python ti sọ 0.1 di float, tó kàn sún mọ́ ọn, kó tó dé ọ̀dọ̀ Decimal. Ẹ gbé prec lọ gbé e bọ̀, kò kàn án, torí ìṣirò ni prec ń ká lọ́wọ́ kò, kì í ṣe nọ́ńbà tó ń wọlé. Decimal('0.1') ni kẹ́ ẹ kọ.

Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ kan ló fẹ́ díjíìtì 50, inú localcontext() ni kẹ́ ẹ ti yí i, kó má baà ran ìyókù.