Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa: Ìsìn Orí Fóònù àti Ìpéjọpọ̀ Àwọn Onígbàgbọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Alàgbà. Nígbà tí wọ́n ti àwọn ilé ìsìn pa lọ́dún 2020 nítorí àrùn kòrónà, orí fóònù ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìsìn padà, ṣùgbọ́n àwa kò padà. Ọkọ mi sọ pé ìwàásù kan náà ni a ń gbọ́, pé a ń fi ọrẹ wa ránṣẹ́ láìyẹ̀, àti pé kò sí ibi tí Ọlọ́run kò sí. N kò rí èsì fún un, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń dá? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, arábìnrin wa. Òtítọ́ ni ọkọ yín sọ pé kò sí ibi tí Ọlọ́run kò sí, n kò sì ní bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín kábàámọ̀ àwọn oṣù tí ẹ fi fóònù sin Ọlọ́run nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀bùn ni ó jẹ́ fún yín lákòókò yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni pé ọkọ yín ń wo ìpéjọpọ̀ bí ibi tí a ti ń lọ gba nǹkan nìkan: a gba ìwàásù, a gba orin, a gba àdúrà, a sì san ọrẹ wa. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ìsìn jẹ́ nìyẹn, a jẹ́ pé fóònù tó.

Ẹsẹ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kà jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Hébérù 10:25, níbi tí a ti sọ pé kí a má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń fi í na àwọn tí kò wá sí ìsìn bí ẹgba, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé wọ́n ti fo ẹsẹ 24 tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹsẹ 24 sọ pé kí a yẹ ara wa wò, láti ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti sí iṣẹ́ rere. Ìyẹn gan-an ni ìdí tí a fi ní kí a péjọ. Ẹ lè wo oníwàásù lójú fóònù fún wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun kò lè wo yín. Kò lè rí i pé ẹ ti rù sí i láti oṣù tó kọjá, kò sì lè mọ̀ pé omijé wà lójú yín nígbà tí a ń kọ orin ìdúpẹ́. Ẹ̀yin náà kò sì lè rí opó tí ó jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn tí ó ń retí kí ẹnì kan bá òun sọ̀rọ̀ kí òun tó padà sílé. Ìgbọràn sí ẹsẹ yẹn ń béèrè ojú méjì tí wọ́n ń wo ara wọn.

Àwọn Àpọ́sítélì pàápàá kò kórìíra ohun tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lẹ́tà ni wọ́n lò, Pọ́ọ̀lù sì pàṣẹ nínú Kólósè 4:16 pé kí wọ́n ka èyí tí òun kọ sí wọn nínú ìjọ Laodíkíà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Jòhánù ṣe parí ìwé rẹ̀ kejì, ní ẹsẹ 12. Ó ní ohun púpọ̀ láti kọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi tákàdá àti tàdáwà kọ ọ́, nítorí ó ń retí láti wá bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ayọ̀ lè kún. Ẹni tí a mí sí láti kọ Ìwé Mímọ́ ni ó ń sọ pé lẹ́tà òun kò lè gbé gbogbo ayọ̀ náà dé. Bí lẹ́tà Àpọ́sítélì kò bá lè rọ́pò ojú rẹ̀, n kò mọ bí fóònù wa yóò ṣe lè ṣe é.

Ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1921 ni ilé iṣẹ́ rédíò KDKA ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, gbé ìsìn sáfẹ́fẹ́ láti ilé ìsìn Calvary Episcopal. Láti ìgbà náà, aláìsàn lórí ibùsùn, arúgbó tí kò lè rìn àti ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun ti ń rí ìtùnú gbà nínú irú ìsìn bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Èyí tí ó ń kọ mí lóminú ni ìdílé tí ara wọn le, tí ọ̀nà sì là fún wọn, tí wọ́n sọ ohun tí a ṣe fún ẹni tí kò lè wá di ibùgbé ara wọn.

Ẹ rò ó lórí àwọn ọmọ yín. Kì í ṣe inú ìwàásù ni ọmọ ti ń kọ́ ìsìn jù lọ. Ó ń kọ́ ọ nípa wíwo àwọn àgbà bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀, nípa gbígbọ́ ohùn bàbá arúgbó kan tí ó gbọ̀n bí ó ti ń gba àdúrà, àti nípa mímọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀ tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Nípa ọkọ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìjà, ẹ má sì lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun pásítọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí tí mo ti gbọ́, ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó ń lé ènìyàn sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣẹ̀ ẹ́ nínú ìjọ, tàbí pé ọrẹ tí a ń béèrè léraléra ti sú u, tàbí pé ó ti jókòó nínú ìjọ yẹn fún ọdún púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Èyí kan àwa tí a ń ṣe olórí ìjọ gidigidi. Bí ènìyàn bá wá sáàárín wa, tí ó wo pẹpẹ fún wákàtí mẹ́ta, tí ó sì padà sílé láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wá, kí ni a fún un tí fóònù kò lè fún un? Bí ìjọ ńlá bá ń da ọkọ yín láàmú, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé kékeré tí àwọn ará ń ṣe nínú ilé. Ìpéjọpọ̀ ni ìyẹn náà.

Ìbéèrè: Alàgbà, orúnkún mi kò gbà mí láyè láti jáde mọ́, nítorí náà orí fóònù ni mo ti ń bá ìjọ mi jọ́sìn. Nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo máa ń gbé àkàrà àti wáìnì síwájú mi, mo sì máa ń jẹ ẹ́ bí pásítọ̀ bá ti gbàdúrà. Arákùnrin kan sọ pé asán ni. Kí ni ẹ rí sí i? (Bàbá àgbà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Bàbá. Àwọn ìjọ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2002, ọ́fíìsì ìjọba Póòpù tí ó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ sọ nínú ìwé kan pé kò sí sákírámẹ́ǹtì, ìyẹn ààtò mímọ́ ìjọ bí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ United Methodist náà sọ lọ́dún 2013 pé kí a dá irú rẹ̀ dúró ná, ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn dé lọ́dún 2020, àwọn kan lára wọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ tí ó gbà pé ìrántí ikú Olúwa ni oúnjẹ náà kò rí ìṣòro kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tí ìjọ yín gbà, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀ tẹ̀ lé e. N kò ní pe ohun tí ẹ fi ìgbàgbọ́ àti omijé ṣe ní asán.

Síbẹ̀, ìjọ yín jẹ yín ní gbèsè kan. Ní nǹkan bí ọdún 155 lẹ́yìn ìbí Olúwa, Justin tí a ń pè ní Ajẹ́rìíkú kọ̀wé láti ìlú Róòmù nípa bí àwọn onígbàgbọ́ ti ń péjọ ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní bí wọ́n bá ti pín àkàrà àti wáìnì fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ tán, àwọn díákónì a gbé e lọ fún àwọn tí kò lè wá. Ó ní láti inú ọrẹ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn, àwọn opó, àwọn aláìsàn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn àlejò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn alàgbà ìjọ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn, láìtijú, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé Oúnjẹ Olúwa wá bá yín nílé. Ohun tí Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn ṣe náà nìyẹn: kí ó pe àwọn alàgbà ìjọ wá. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí bá jẹ́ alàgbà tàbí díákónì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orúkọ àwọn tí ń wo ìsìn yín láti orí ibùsùn, kí ẹ sì pín wọn láàárín ara yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ń di kámẹ́rà mú nínú ìjọ wa. Wọ́n ní kí n máa sún mọ́ ojú àwọn tí ń sunkún níwájú pẹpẹ, kí àwọn tí ń wò wá lè rí i pé Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́. Ara mi kò gbà á. (Òṣìṣẹ́ nínú Ilé Olúwa)

Ìdáhùn: Ara yín kò ṣì yín lọ́nà. Ẹni tí ó wá sunkún níwájú Ọlọ́run kò wá kí gbogbo ayé lè wò ó, àwòrán náà sì lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn olórí yín pé bí àkókò ìpè bá ti tó, ẹ̀yin yóò yí kámẹ́rà sí ẹni tí ń wàásù tàbí sí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni sáfẹ́fẹ́ àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ojú ọmọdé hàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní iṣẹ́ mìíràn nínú ilé Ọlọ́run.