Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Dandan ní Yunifásítì Texas: Èwo Ni Wọ́n Fòfin Dè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá agbẹjọ́rò. Mo ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ìjọba kan ní Houston, mo sì ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé dandan ni kí n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìyọnilẹ́nu níbi iṣẹ́ kí ọjọ́ 30 tó pé. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ní kí n má dá wọn lóhùn, pé Texas ti fòfin de irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe é kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn ará ilé yín kò parọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́.

Òfin tí wọ́n ń sọ ni SB 17 (Senate Bill 17, òfin tó ti ilé aṣòfin àgbà Texas wá), tí Gómìnà Greg Abbott buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba ti ọ́fíìsì DEI wọn (ọ́fíìsì tó ń rí sí oríṣiríṣi ènìyàn, ìdọ́gba àti gbígba gbogbo ènìyàn mọ́ra) pa, kò sì gbà kí wọ́n sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ DEI, ìyẹn èyí tí wọ́n gbé ka orí àwọ̀, ẹ̀yà, bí ènìyàn ṣe ka ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo, tàbí irú ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń fà sí, di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé ẹ̀kọ́ tàbí kó tó ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin kan náà fi àyè kan sílẹ̀: bí agbẹjọ́rò bá ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kìkì láti mú òfin ìjọba àpapọ̀, òfin ìpínlẹ̀ tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ ṣẹ, tí àgbà agbẹjọ́rò yunifásítì àti ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ gíga sì fọwọ́ sí i lórí ìwé, ìfòfindè náà kò kàn án.

Òfin iṣẹ́ Texas, orí 21, sì wà níbẹ̀, tí àwọn ará ilé yín kò dárúkọ. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀, títí kan yunifásítì ìjọba, kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun nípa ìyàsọ́tọ̀ àti fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n gbà á, kí wọ́n tún un ṣe ní ọdún méjì méjì, kí òṣìṣẹ́ náà sì buwọ́ lùwé pé òun ṣe é. Níwọ̀n bí ẹ ti ń gba owó oṣù, òṣìṣẹ́ ni yín, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sì kàn yín.

Ní ti àríyànjiyàn tó bí SB 17, àwọn tó fẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ DEI jẹ́ dandan ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ kì í wá bí a kò bá pè é ní tipátipá, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì, Frank Dobbin ti Yunifásítì Harvard àti Alexandra Kalev ti Yunifásítì Tel Aviv, yẹ àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún wò láti ilé-iṣẹ́ tó lé ní 800 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2016 pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọ̀gá, ìpín obìnrin aláwọ̀ dúdú nípò ọ̀gá fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, nígbà tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí i níbi tó ti jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n wò, kì í ṣe yunifásítì, n kò sì ní fi í ṣe òpin ẹjọ́. Síbẹ̀ èmi tí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà mọ bí ènìyàn ṣe ń tẹ bọ́tìnì títí yóò fi parí, láìka ìlà kan.

Bí ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ bá kọjá àlàyé òfin, tí wọ́n wá ń bi yín léèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa ẹ̀yà, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí ẹ béèrè òfin tí wọ́n fi ń ṣe é. SB 17 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fipá mú lọ́nà tí kò bófin mu láyè láti pẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ dá yunifásítì lẹ́kun. Ẹ̀tọ́ yìí kò dé yunifásítì aládàáni bí Rice, nítorí òfin náà kò kàn wọ́n. Bí ẹ bá sì ti parí tiyín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún méjì sí i, wọn yóò tún pè yín.