Jókòó ti ẹni tó ń hun aṣọ kí o tó kọ̀wé nípa rẹ̀

Okun o, àbúrò mi. O ní Kàbbà ni o ń gbé, pé iṣẹ́ kíkọ ìròyìn aṣọ àti oge sínú ìwé ìròyìn ló wù ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ pé olóòtú tó wà l'Ékòó kò ní ka ẹni tí kò dé ibi ìpàtẹ oge rí sí. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Aṣọ òkè tí wọ́n wọ̀ níbi ìgbéyàwó kan ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé lé lórí. Mo kọ ọ́ pé aṣọ náà rẹwà, pé ó gbayì, pé ó dùn ún wò. Olóòtú dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè méjì péré: ta ló hun ún, irú òwú wo ló sì fi hun ún? N kò mọ ọ̀kankan. Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni mo wọkọ̀ lọ sí Ògìdì ní Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kàbbà tìrẹ.

Ìyá àgbà kan, ọmọ Bùnú tó lọ́kọ sí Ògìdì, gbà kí n jókòó ti òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Òfì tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ńṣe ló dúró ṣánṣán, aṣọ fífẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ jáde, bí màmá bá sì ti ti òwú kọjá tán, á mú igi pẹlẹbẹ kan, á fi gbá a mọ́lẹ̀ kó lè ki. Nígbà tó gbé aṣọ pupa kan jáde, kíá ni mo pè é ní àlàárì, ìyẹn aṣọ òkè pupa. Ó rọra mi orí, ó ní ìpò nìyẹn, aṣọ tí wọ́n fi ń sìnkú èèyàn pàtàkì ní ilẹ̀ Bùnú. Ká ní mo ti tẹ àṣìṣe yẹn jáde ni, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ará Bùnú?

Ohun tí mo kọ nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ìwé ìròyìn kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ògìdì yìí kan náà ni wọ́n bí Nike Davies-Okundaye sí ní 1951, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ lónìí, nítorí náà má ṣe rò pé ẹ̀yìn odi ni o wà.

Ní ti owó, má ṣe bí mo ti ṣe. Àpilẹ̀kọ mẹ́fà ni mo kọ fún ìwé ìròyìn kan láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé ẹnu lásán la fi ṣàdéhùn. Jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án ránṣẹ́ sí ọ, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun. Kí o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ahunṣọ kí o tó ya àwòrán rẹ̀.

Bí o bá ti kọ èyí àkọ́kọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi kí olóòtú tó rí i. N ó fara balẹ̀ kà á.