Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Gbígbé Ọmọ Nínú Ọ̀já Láìséwu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní lọ́wọ́. Ọ̀já olórùka méjì, èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká kan tí a sì ń fa aṣọ rẹ̀ gba inú òrùka kí ó lè le, ni mo fi ń gbé e síwájú, mo sì máa ń tẹ́ ẹ ní ìbú sínú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú àpò. Kì í pẹ́ tí yóò fi sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sùn, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà, mo sì máa ń gbọ́ ohùn kan lọ́fun rẹ̀ tó dà bí ẹni pé ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní oorun àsùnwọra ni, pé kí n má jí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ọmọ Tuntun

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọwọ́ lómi. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ìyá ọkọ yín, ohùn yẹn kì í ṣe ti oorun dídùn. Èémí tó ń wá ọ̀nà gbà ni. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ gbé ọmọ náà jáde kúrò nínú ọ̀já lójú ẹsẹ̀, kí orí àti ọrùn rẹ̀ lè tọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń mí geerege. Bí ohùn náà kò bá lọ lẹ́yìn èyí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ṣe ń mí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Orí ọmọ ọwọ́ wúwo ju ohun tí iṣan ọrùn rẹ̀ lè dá gbé lọ, pàápàá láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀nà èémí rẹ̀ sì tín-ín-rín, ó tún rọ̀. Bí àgbọ̀n bá ti lọ lé àyà, ọ̀nà náà á ṣẹ́po bí rọ́bà omi tí ènìyàn tẹ̀ po, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ni yóò sì máa kọjá. Bí irú rẹ̀ bá ṣe àgbàlagbà lójú oorun, yóò yí orí padà láìmọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì ní agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í pariwo: ọmọ tí kò rí afẹ́fẹ́ fà símú kò lè ké, nítorí afẹ́fẹ́ náà ni a fi ń ké. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ inú ọ̀já gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Ọ̀nà kejì tí èémí fi ń há ni kí aṣọ, tàbí ara ẹni tó gbé ọmọ, bo imú àti ẹnu rẹ̀, kí ó wá máa fa afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti mí jáde símú padà. Ọ̀já tó jìn bí àpò, tí a ń tẹ́ ọmọ sí ní ìbú, lè fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò àwọn ohun tí aráàlú ń rà kìlọ̀ fún àwọn òbí lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ nípa ikú ọmọ 14 tó jẹ mọ́ irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ láàárín 20 ọdún, àti pé 12 nínú àwọn ọmọ náà ni kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé ọmọ ní ìbú láìsí ewu, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó kéré tó ti yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pa á tì pátápátá. Ẹ gbé e ní òòró, kí ikùn rẹ̀ kan àyà yín, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan lé yín láyà, kí imú rẹ̀ sì wà ní gbangba. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa aṣọ náà gba inú òrùka, díẹ̀díẹ̀, láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀, títí tí kò fi ní sí ibi kankan tó dẹ̀. Aṣọ tó dẹ̀ ni ọmọ fi ń rì, bí ó bá sì ti ń rì ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa tẹ̀, tí àgbọ̀n yóò sì padà sórí àyà. Láti mọ̀ bóyá ó le tó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọmọ náà jẹ́jẹ́: bí ó bá sún mọ́ yín sí i, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá nà, aṣọ yẹn ṣì dẹ̀. Ẹ tún ti ìka kan tàbí méjì bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí àyè kò bá gba ìka yín, kò gba èémí rẹ̀ náà. Ó yẹ kí ẹ lè tẹ orí ba kí ẹ sì fi ẹnu ko àtàrí rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè, ó sì yẹ kí ẹ máa rí ojú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń ṣí aṣọ wò. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń gbé e wọlé nìkan ni a ń ṣe àyẹ̀wò yìí o. Bí ẹ bá ti ń rìn ni aṣọ ń dẹ̀, ẹ máa wò ó lemọ́lemọ́.

Bí ẹ bá fún un lọ́mú nínú ọ̀já, ẹ lè dẹ òrùka kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ọmú, ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti mu yó ni kí ẹ gbé e padà sókè, nítorí ẹ̀yìn ọmú ni oorun máa ń gbé ọmọ lọ.

Ọmọ tí a bí láìpé oṣù, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré, tàbí èyí tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e sínú ọ̀já rárá. Èyí kò túmọ̀ sí pé àyà òbí léwu. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ tí kò pé oṣù mọ́ àyà ìyá rẹ̀, kí ara wọn méjèèjì máa kan ara, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn ní ọdún 2022 pé kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí fún wákàtí 8 sí 24 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n òòró ni wọ́n ń gbé wọn, òṣìṣẹ́ ìlera ló sì ń kọ́ ìyá bí a ṣe ń ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ oṣù márùn-ún ni tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń rọ̀ wálẹ̀ nínú ọ̀já tí mo fi ń gbé e, ọ̀rẹ́ mi kan sì sọ pé yóò ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Ó tún fẹ́ràn kí ojú rẹ̀ kọ síta. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá Ọmọ

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, gbígbé e bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò ba ìbàdí tó dá pé jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ yín kò sọ̀rọ̀ lásán. Orí egungun itan rí roboto, inú ihò kan ní ìbàdí ló jókòó sí, ihò náà kò sì tíì le bí egungun lára ọmọ kékeré. Bí ẹsẹ̀ bá ń wà ní nínà gbọnrangandan, tí méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra, fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, ó lè máa ti orí egungun náà kúrò ní àyè rẹ̀, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni èyí sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí aṣọ náà fẹ̀ láti kòtò orúnkún kan dé kòtò orúnkún kejì, kí itan rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara yín, kí orúnkún rẹ̀ sì ga ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀. Bí dókítà bá ti sọ fún yín rí pé ìbàdí ọmọ náà yẹ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ní ti kí ojú kọ síta, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò gbé orí rẹ̀ ró bí oorun bá mú un, ẹ kò sì ní rí ojú rẹ̀ láti òkè. Bí ó bá wù ú láti wòran, ẹ gbé e sí ìbàdí yín. Níbẹ̀ yóò rí yín, yóò sì tún rí ayé.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ oṣù mẹ́rìnlá ni mò ń tọ́jú. Ó wúwo, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣé mo lè fi ọ̀já gbé e sẹ́yìn kí n máa fi ṣe iṣẹ́ ilé? — Ìyá Àgbà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ̀yìn ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti lè gbé ọrùn ró, ó sì ń dá jókòó. Ẹ lè fi gbálẹ̀, ẹ lè fi ká aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi dúró ti iná tàbí omi gbígbóná, ẹ má sì fi mu tíì pàápàá. Ọwọ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá gùn ju bí a ṣe rò lọ, ẹ kò sì ní rí i nígbà tó bá ń nà án. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ fi wólẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, nítorí ọmọ lè gba orí èjìká yọ́ jáde. Ẹ má ṣe gbé e bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ tàbí gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀já kò lè ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì.

Nígbà ooru, ẹ ka ọ̀já kún aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ, ẹ dín ìyókù kù, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ó bá gbóná tó sì ń làágùn, ó ti tó àkókò láti sọ ọ́ kalẹ̀. Àárẹ̀ ti ara yín náà ṣe pàtàkì. Ọ̀já gígùn tí a ń gbé kọ́ èjìká méjèèjì yóò rọ̀ yín lọ́rùn ju olórùka lọ, nítorí èjìká kan ṣoṣo ni olórùka ń fi ẹrù sí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún mi ní ọ̀já àlòkù. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀? — Òǹkàwé Yín

ÌDÁHÙN: Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fi ìka tọ gbogbo ojú ibi tí a rán, ẹ fà á tagbáratagbára, kí ẹ sì wo òrùka bóyá ó sán tàbí ó tẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti fi dandan lé e láti oṣù Kìíní ọdún 2018 pé kí ọ̀já tí wọ́n bá ṣe fún títà yege nínú ìdánwò agbára, kí ó sì ní àkọlé ìkìlọ̀, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Ọ̀já tó jìn bí àpò, tí rọ́bà ká ẹnu rẹ̀, ẹ má gbà á, ì báà tún jẹ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí àpò ìrẹsì kékeré kọ́ bí a ṣe ń dì í, lórí ibùsùn, kí ẹ tó gbé ọmọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú tó ń tú níbi tí a rán òrùka mọ́, ẹ má ṣe rò pé ẹ ó tún un rán. Ẹ gé e fi nu ilẹ̀.