Ẹ má tíì fi ṣáńpépà kan òkúta yẹn o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àpótí onígbàjámọ̀ àtijọ́ kan, abẹ mẹ́ta àti òkúta ìpọ́nabẹ méjì ló wà nínú ẹ̀. Òkè ìkíní yẹ́lò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ búlúù tó ṣú, òróró ti mu ún, àárín ẹ̀ sì ti jin. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ eérú tó ń fà sí gríìnì, pépà tó ti ya dé ìdajì ṣì wà lára ẹ̀. Mo fẹ́ fọ̀ wọ́n kí n sì fi ṣáńpépà tẹ́ ojú wọn kí n tó máa béèrè iye tí wọ́n tó. Ṣé wọ́n tiẹ̀ níye lórí?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, wọ́n níye lórí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Abẹ pípọ́n niṣẹ́ mi, mo sì máa ń ra òkúta àtijọ́, ohun tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn gbé òkúta gidi wá lẹ́yìn tó ti fọ ẹ̀rí ara ẹ̀ dànù. Ojú òkúta tó jin, a lè tẹ́ ẹ lọ́la tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ pépà tó bá ti ṣí kúrò, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìkejì tó ní pépà. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, ó jọ òkúta Thuringia láti Jámánì, ìlú Sonneberg ni ilé iṣẹ́ Escher ti ń tà á kárí ayé nígbà yẹn. Ẹ gbé e lọ sídìí fèrèsé kẹ́ ẹ ka ohun tó kù lórí pépà náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí J. G. Escher & Sohn tàbí Escher & Co., kódà kó jẹ́ àbọ̀ orúkọ yẹn ló kù, owó ẹ̀ á ju ti irú ẹ̀ tí ò ní pépà lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ sì rèé abẹ tí àwọn méjèèjì máa pọ́n lè má yàtọ̀ rárá. Ìdánilójú ni ẹni tó ń kó òkúta jọ ń sanwó fún. Ẹ wo orí òkúta náà níbi tó parí sí, torí wọ́n máa ń lẹ pépà kékeré tó sọ àwọ̀ ẹ̀ síbẹ̀, yẹ́lò tó dà pọ̀ mọ́ gríìnì làwọn èèyàn sì ń wá jù.

Mo ti rẹ irú ẹ̀ sínú omi ọṣẹ rí kí òróró ara ẹ̀ lè jáde, nígbà tó máa fi di àárọ̀ pépà ẹ̀ ti léfòó, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló já sí wẹ́wẹ́, títí dòní ó ṣì ń dùn mí. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu apá ibi tí pépà ò sí, ó tó.

Ti yẹ́lò yẹn, Coticule ni, láti àgbègbè Vielsalm ní Bẹ́ljíọ̀mù. Hóró garnet, ìyẹn òkúta líle kan, tó kéré gan-an ló wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ irin. Ìpele yẹ́lò yẹn kì í nípọn nínú ilẹ̀, ó sì tètè ń kán, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní òkúta míì lẹ́yìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí ilà tó wà láàárín yẹ́lò àti búlúù bá gún gbọọrọ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, tẹ́ ẹ sì rí gúlúù tó ti gbẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Tí ilà náà bá ń lọ sókè sódò, tí àwọ̀ kan ń wọnú èkejì, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti jọ wà, èyí làwọn tó ń kó o jọ máa ń sanwó lé lórí jù. Ẹ wá wo bí yẹ́lò náà ṣe nípọn tó níbi tó ti jin jù, kì í ṣe létí, torí ohun tó kù níbẹ̀ lẹni tó bá rà á máa rí lò. Ẹ tún tú àpótí yẹn dáadáa o, bóyá òkúta kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọmọ ọlọ, òun ni wọ́n fi ń ra ojú òkúta ńlá kí omi funfun bíi mílíìkì lè jáde. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àfọ́kù ni wọ́n á sì jù ú nù.

Èyí tí ò ní pépà yẹn lẹ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀, ẹ má sè é o, gúlúù lè tú, òkúta náà sì lè sán. Bó ṣe ń gbẹ, ẹ máa wò ó: ibi tó bá sán ló máa ń pẹ́ gbẹ jù, ilà dúdú tínínrín lẹ máa rí, tẹ́ ẹ bá sì fi èékánná wọ́ ọ kọjá, á kọ́ ọ. Ilà tí èékánná ò kọ́ lè jẹ́ àwọ̀ òkúta lásán.

Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀ pé Coticule ni ti yẹ́lò yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ká ní ó jẹ́ 300 gíráàmù. Ẹ gbé abọ́ omi sórí sìkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ wá fi òwú so òkúta náà rì sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí abọ́. Tí sìkéèlì bá sọ 100, ẹ pín 300 sí 100, ó di 3 nìyẹn. Coticule máa ń tó 3 tàbí kó kọjá ẹ̀ torí garnet wúwo, àmọ́ òkúta ìpọ́nabẹ míì tó ń jẹ́ Arkansas láti Amẹ́ríkà kì í ju nǹkan bíi 2.65 lọ.

Ní ti owó, ẹ má wo iye tí àwọn tó ń tà kọ sára ọjà wọn, iye tí ẹnì kan san gan-an ni kẹ́ ẹ wá, fún èyí tó gùn tó tiyín tó sì fẹ̀ tó o.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa lo Coticule yẹn fúnra yín, ẹ lè tẹ́ ojú ẹ̀ nígbà náà. Ẹ lẹ ṣáńpépà aláìbẹ̀rù-omi mọ́ gíláàsì, ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà sójú òkúta, ẹ máa rà á lórí ẹ̀ pẹ̀lú omi púpọ̀ kẹ́ ẹ má bàa fa eruku ẹ̀ símú, gbàrà tí ilà pẹ́ńsù bá sì ti parẹ́ tán, ẹ dúró.