Ní ti fọ́tò alága tí wọ́n ní ó dà bí ọkùnrin

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lálẹ́ àná, ó sì ká mi lára débi pé mi ò lè dákẹ́. O ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò kan ní Erékùṣù Èkó gbé iṣẹ́ èèpo magasíìnì wọn fún ọ. O lo fọ́tò alága wọn: ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó ń bójú tó ìwé náà dá a padà, ó ní ó ti le jù, ó dà bí ọkùnrin. Ó ní kí o wá èyí tó rẹ́rìn-ín, tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. O wá ń bèèrè bóyá ìwọ lo ṣe àṣejù, àbí kí o kàn ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kí o gba owó rẹ.

Láti 2004 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí ní Ṣómólú. Pépà ni mo kọ́kọ́ ń gé, kí n tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo ti ṣe pósítà ọṣẹ, pósítà ìpara, ti àgbo, ti ìsọjí, ti ìdìbò. Ìwọ lo ríran. Ṣùgbọ́n má fìbínú dá wọn lóhùn, torí ẹni tó dá fọ́tò náà padà kò mọ ohun tó jẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀. Odidi ọdún méje ni èmi náà fi ṣe iṣẹ́ yìí láìmọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2011, ilé-iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ méjì wá lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ pósítà ìpara obìnrin, ìkejì jẹ́ pósítà àgbo ọkùnrin. Àwọn tí wọ́n yà sórí rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ìyá tó wà lórí ti ìpara ń ta aṣọ ní Balógun, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní pélé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bàbá tó wà lórí ti àgbo ní àbàjà. Ẹni tí wọ́n rán sí mi dúró lẹ́yìn àga mi, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ bá mi nu ojú ìyá yẹn mọ́." Mo nu ún. Mo ń mú awọ tó dán láti iwájú orí, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pélé náà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí mọ́. Mo fọ àwọ̀ rẹ̀ di pupa. Mo dín ọrùn rẹ̀ kù, mo sì yí orí rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó kan bàbá náà, ẹni yẹn ní, "Ẹ fi ilà tiẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àgbà ni." Mo tiẹ̀ fi òjìji kún inú àbàjà náà kó lè yọ dáadáa.

Orí pléètì kan náà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, la gbé àwọn méjèèjì sí, kí owó ìtẹ̀wé má baà pọ̀. Mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń jáde lórí pépà, obìnrin tí kò ní ilà àti ọkùnrin tí ilà rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá náà wá. Ó ti ká pósítà náà sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tó ti ká a títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lẹ gbé síbi tí mo wà?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ó ní, "Bàbá mi ló gbé mi sórí itan nígbà tí olóólà ń kọ ọ́. Ilà yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ mí nílé wa." Kò pariwo, kò ṣépè. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ó sì lọ, ó fi pósítà náà sílẹ̀. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀ di òní.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá fún wa láti dì, mo sì jókòó kà á kí n tó dì í. Inú rẹ̀ ni mo ti ka nípa Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, ọmọ Kánádà, tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán ìpolówó jọ, tó sọ ohun tó rí níbẹ̀ di ìwé lọ́dún 1979. Ó pe àkíyèsí wa sí ọwọ́. Ọwọ́ ọkùnrin a di nǹkan mú, a fi ṣiṣẹ́. Ọwọ́ obìnrin a kàn fara kan ìgò náà bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó gbọ́. Orí obìnrin a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúnkún rẹ̀ kan a rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú àwòrán, ọkùnrin á ga jù, obìnrin á máa wo ojú ọkùnrin tàbí kó máa wo òfìfo. Nígbà tí mo kà á tán, mo lọ sí ibi tí a ń kó àwọn iṣẹ́ tó bàjẹ́ sí, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí Goffman sọ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Inú iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀ nípa rúlà. Lọ́dún 1983, olùwádìí kan, Dane Archer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Wọ́n wọn láti àtàrí dé àgbọ̀n, wọ́n wá fi gígùn gbogbo ara tó hàn nínú fọ́tò náà pín in. Iye tó jáde fún ọkùnrin ga ju ti obìnrin lọ. Ìyẹn ni pé ọkùnrin jẹ́ ojú, obìnrin jẹ́ ara. Èyí tó wá yẹ kó ká àwa tí a ń gé fọ́tò lára jù ni pé nígbà tí wọ́n fi fọ́tò tí ojú ti gba àyè han àwọn ènìyàn, wọ́n ní orí ẹni náà pé ju ti ìgbà tí ara rẹ̀ bá gba àyè lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan náà ni. Mo bẹ̀ ọ́, mú rúlà, lọ dúró níwájú tábìlì fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀, kí o wọn fọ́tò tó bá wà níbẹ̀. Má gba tèmi gbọ́ láìwọ̀n ọ́n.

Mo rí i pé ẹnìkan ti fèsì sí ohun tí o kọ, pé àṣà Yorùbá ni, pé obìnrin wa a máa kúnlẹ̀, a máa rẹ ara sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ìkúnlẹ̀ ní ẹni tí a ń kí. Èmi fúnra mi kúnlẹ̀ fún ìyá Balógun yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú pósítà ọṣẹ, ta ni obìnrin náà kúnlẹ̀ kí? Ọ̀rá ọṣẹ ni.

Bí a bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣà, ẹ jẹ́ ká lọ wo ògiri pálọ̀ àwọn àgbà. Fọ́tò ìyá-ìyá mi ṣì wà ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀-Èkó, òun àti ọkọ rẹ̀, lórí àga méjì tó dọ́gba. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ọwọ́ wà lórí orúnkún, ìka tẹ́, aṣọ tẹ́ bolẹ̀ yí wọn ká. Àwọn méjèèjì ń wo iwájú gan-an, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Tí o bá fi ọwọ́ bo gèlè àti fìlà, o ò ní mọ èwo ni ọkọ. Bí àwọn onífọ́tò wa ṣe máa ń ya àgbà nìyẹn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nítorí náà, jíjókòó bí ìyá àgbà ni alága yín jókòó. Fọ́tò ìpolówó ti wọ wá lójú débi pé ìjókòó ìyá wa ti ń jọ ti ọkùnrin lójú wa.

Èdè wa gan-an ń ràn wá lọ́wọ́ tí a bá jẹ́ kó ràn wá. "Ó" ni "ó" ń jẹ́, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ilé ìwòsàn kan ní Yábàá gbé ọ̀rọ̀ wá fún mi nígbà kan: "Dókítà wa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, nọ́ọ̀sì wa kì í sùn." Kò sí ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí obìnrin. Èmi ni mo lọ wá fọ́tò ọkùnrin sí dókítà, mo sì fi obìnrin sí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà wá gba iṣẹ́, dókítà ni, obìnrin sì ni. Ó san owó mi pé, ó kàn wo pósítà náà pẹ́. Kò sí oníbàárà kankan tó tì mí sí ìyẹn.

Irú èrò yìí ń bá àwọn ọkùnrin náà jà o. Ọ̀rẹ́ mi kan fi bàbá tó gbé ọmọ dání sí pósítà abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ní kó yọ ọ́, pé àwọn ènìyàn á bèèrè bóyá ìyá ọmọ náà ti kú.

Àwọn kan ń sọ pé nǹkan ti yí padà láti ìgbà tí ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ti fòfin de lílo àwọn àjèjì nínú ìpolówó, láti October 1, 2022. Inú mi dùn sí òfin náà, ó fún àwọn ọmọ wa níṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá ń ti Third Mainland Bridge bọ̀ sí Erékùṣù, wo àwọn pátákó tó dojú kọ ọ́ dáadáa. Ojú ti di tiwa. Ọrùn ṣì tẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ àwọ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé ojú alága dúdú jù, kí o fọ̀ ọ́. Má fọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà pépà ló fà á. Pépà tí kò dán máa ń mu íǹkì, ẹ̀kán íǹkì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán a sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lórí pléètì lọ, gbogbo ibi tó yẹ kó mọ́ díẹ̀ á wá ṣókùnkùn pọ̀. Àwọ̀ dúdú ló ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ohun tí àwa máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn ni pé a ó fọ ti obìnrin, a ó fi ti ọkùnrin sílẹ̀. Ṣe é báyìí: jẹ́ kí onífọ́tò ta iná láti ẹ̀gbẹ́ kó lè gbé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, dín íǹkì dúdú kù ní àárín àwọ̀ nìkan, kí o sì tẹ ẹyọ kan wò lórí pépà tí wọ́n máa lò gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Káàdì tí Kodak ṣe láti fi yẹ àwọ̀ fọ́tò wò láyé àtijọ́, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń wọn gbogbo wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ. Má jà, má fi ìwé Goffman lọ̀ ọ́. Tẹ fọ́tò méjèèjì sórí A4, kí wọ́n dọ́gba, kí àkọlé wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Jẹ́ kó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí o wá bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni òun lè gbé owó ẹgbẹ́ fún láti pa mọ́. Kí o dákẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti bi í. Ọ̀nà yìí ti ṣiṣẹ́ fún mi ju àlàyé lọ, kò sì ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Ohun kan wà tí mi ò rí nínú gbogbo ohun tí o kọ. Ẹni tó ń bójú tó ìwé sọ tirẹ̀, ìwọ náà sọ tìrẹ. Ta ló bi alága? Èmi náà ò bi ìyá Balógun kí n tó nu ojú rẹ̀. Gbé A4 méjèèjì lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ọjà tó kún, kí o fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ. Èyí tó bá yàn ni kí o tẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ń rẹ́rìn-ín yẹn.